Sísè Omi Kì Í Mú Ásẹ́níkì Kúrò Nínú Rẹ̀

Ní Iléṣà àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì nípa omi kànga, èsì kan náà ni àwọn àgbà ilé máa ń fún un: "Sè é kó hó dáadáa, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan." Ìmọ̀ràn yìí ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á tì, nítorí omi tó bá hó dáadáa ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti di òdì ni ibi tí a ti ń rò pé gbogbo ohun tó lè ṣeni ní jàǹbá nínú omi ni iná lè ṣẹ́gun. Ẹ̀mí ló wà lára kòkòrò tí iná fi lè pa á. Ásẹ́níkì kò ní ẹ̀mí. Èròjà olóró inú òkúta àti inú ilẹ̀ ni, bó ti wù kí omi hó tó, yóò wà níbẹ̀ digbí.

Kì í wulẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan, ó tún ń ki sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ásẹ́níkì inú lítà omi mímu kan má ju máíkírógíráàmù 10 lọ, ìwọ̀n yìí náà ni ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà sì fi lélẹ̀. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù. Ẹ jẹ́ ká gbé lítà 10 omi kaná, kí ásẹ́níkì inú lítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ máíkírógíráàmù 20, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Bí omi náà bá hó títí tó fi ku lítà 8, omi nìkan ló bá oru lọ. 200 yẹn ṣì wà nínú ìkòkò, lítà kọ̀ọ̀kan sì ti di 25. Ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ rí mọ̀ pé bí omi ọbẹ̀ ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ rẹ̀ ń le sí i.

Ìkòkò àgbo ni ọkàn mi máa ń lọ sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. À ń gbé e kaná láàárọ̀, à ń gbé e kaná lálẹ́, omi rẹ̀ ń fà, à ń bu òmíràn lé e, ewé àti egbò kan náà sì lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Bí omi tí à ń bù lé e bá ní ásẹ́níkì, ní gbogbo ìgbà tí oru bá ti jáde ni ásẹ́níkì ń ṣẹ́kù sẹ́yìn, aláìsàn tàbí ọmọdé tí a fẹ́ wò sàn ni yóò sì gbé e mu.

Kilorín tí à ń dà sínú kànga kò lè ṣe ju iná lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kòkòrò ni iṣẹ́ tirẹ̀ náà dá lé. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi kò lè dá ásẹ́níkì dúró, torí pé ó ti yòrò mọ́ omi pátápátá. Ásẹ́níkì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹnu kò sì lè tọ́ ọ wò kó mọ̀ ọ́n. Omi tó mọ́ gaara bí omi òjò lè ní in, omi tó pọ́n nítorí irin inú ilẹ̀ sì lè má ní in.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa ará Ìjẹ̀ṣà gidigidi ni pé orí ilẹ̀ góòlù ni à ń gbé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wa góòlù ní Ìtagúnmodì, Ìgún àti Ìpérindó. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ góòlù káàkiri àgbáyé, òkúta kan tí irin, imí ọjọ́ àti ásẹ́níkì para pọ̀ dì máa ń bá góòlù rìn. Nígbà tí òkúta yìí bá wà nísàlẹ̀, ásẹ́níkì inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá hú u síta, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n fi àfọ̀kù rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti òjò, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò sì máa ṣàn lọ sínú odò, sínú ilẹ̀ oko àti sínú omi abẹ́ ilẹ̀. N kò sọ pé májèlé wà nínú gbogbo kànga wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ní irú ilẹ̀ báyìí, àyẹ̀wò nìkan ló lè fi wá lọ́kàn balẹ̀.

Àwọn ará Bangladesh ló fi ojú rí ohun tí mò ń wí lọ́nà tó burú jù. Láti àwọn ọdún 1970, àwọn àjọ ìrànlọ́wọ́ bá wọn gbẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye kànga onípáìpù, nítorí omi adágún àti odò ń fi ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ wọn. Omi tó jáde mọ́, kòkòrò kò sì sí nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò fún ásẹ́níkì. Ọdún 1993 ni wọ́n tó rí i nínú omi kànga níbẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2000, ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde fi hàn pé ó lè jẹ́ mílíọ̀nù 35 sí 77 ènìyàn ni ewu náà wà lórí wọn. Wọ́n wá ń kun ẹnu kànga ní ọ̀dà pupa bí omi rẹ̀ bá ní ásẹ́níkì púpọ̀, wọ́n sì ń kun èyí tó dára ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Kànga pupa àti kànga tó dára lè wà nínú àgbàlá tó fara kan ara wọn, nítorí náà a kò lè fi kànga aládùúgbò wọn tiwa.

Ásẹ́níkì inú omi kì í sábà pani lójijì. Ó máa ń gba ọdún púpọ̀ kí awọ ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: tótòtó dúdú àti funfun á yọ láyà àti lẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á le, kókó wẹ́wẹ́ tó gan á sì hù sí wọn, tí ọwọ́ á fi máa họ nǹkan bí ènìyàn bá fi pa á. Ní Bangladesh, àwọn aládùúgbò rò pé ẹ̀tẹ̀ ni, wọ́n sì ń sá fún àwọn tó ní in, bẹ́ẹ̀ ni kì í ràn rárá. Láti ibẹ̀, ó lè yọrí sí jẹjẹrẹ awọ ara, ti àpò ìtọ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóró, àti àrùn ọkàn. Ó ń kọjá sí ọmọ inú oyún, ó sì lè dí ìdàgbàsókè ọpọlọ ọmọdé lọ́wọ́. Ní ìlú Antofagasta ní Chile, láti ọdún 1958 sí 1970, omi ẹ̀rọ ìlú ní nǹkan bí máíkírógíráàmù 860 nínú lítà kan. Wọ́n kọ́ ilé ìfọmi, omi sì dára, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti àpò ìtọ̀ ń pa àwọn tó ti mu omi ìgbà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ gbé omi lọ sí yàrá àyẹ̀wò tó lè wọn ásẹ́níkì, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún wọn, nítorí àyẹ̀wò kòkòrò nìkan ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣe bí a kò bá sọ. Bí ó bá ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà kan, ẹ wá omi mìíràn fún mímu àti sísè oúnjẹ, irú bí omi òjò tí a gbè sínú ohun tó mọ́, kí a sì sè é fún kòkòrò. Asẹ́ tí wọ́n fi irin tó dípẹtà ṣe lè mú ásẹ́níkì, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n a ní láti máa tún omi wọn yẹ̀ wò. Fífi omi kànga náà wẹ̀ tàbí fọ aṣọ kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, torí pé díẹ̀ ló ń gba awọ ara wọlé. Ìrẹsì máa ń fa ásẹ́níkì láti inú ilẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọkà lọ. Bí omi wa bá dára, ká bọ ìrẹsì nínú omi púpọ̀ kí a sì da omi náà nù máa ń dín in kù. Ìyá tó ń tọ́mọ kò gbọdọ̀ tìtorí ìbẹ̀rù já ọmú, nítorí díẹ̀ ni ásẹ́níkì tó ń wọ inú wàrà ọmú. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí a fi omi kànga tí a sè pò ló yẹ ká bẹ̀rù. Bí àmì àtẹ́lẹwọ́ yẹn bá sì wà lára ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ sọ fún dókítà ibi tí ẹ ti ń pọnmi àti iye ọdún tí ẹ ti ń mu ún, nítorí àyẹ̀wò ìtọ̀ máa ń sọ nípa ọjọ́ díẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nìkan, nígbà tí irun àti èékánná lè sọ nípa oṣù mélòó kan.