Bí ọmọ ayò ṣe ń tú àṣírí òfin

Ká ní ẹbí kan ní Kétu fẹ́ ta ilẹ̀. Ìwé kò lè jáde láìjẹ́ pé olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí awọnlẹ̀ sì ti wọ̀n ọ́n. Awọnlẹ̀ ní òun kò ní gbé okùn òun jáde àfi bí olórí ẹbí bá ti fọwọ́ sí i. Olórí ẹbí ní òun kò fọwọ́ sí ilẹ̀ tí wọn kò tíì wọ̀n. Ọdún á yí po, ìwé kò ní jáde, bẹ́ẹ̀ kò sí arúfin nínú wọn.

Irú ìdílọ́wọ́ báyìí ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ìlànà òfin máa ń wá. Irinṣẹ́ wọn kan ni àwọ̀n Petri, tó gba orúkọ Carl Adam Petri, ará Jámánì tó ṣe àlàyé ìpìlẹ̀ rẹ̀ nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lọ́dún 1962. Ẹni tó bá mọ ayò ta ti mọ ìdajì rẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún ibi tí ọ̀rọ̀ dé: «wọ́n ti wọn ilẹ̀», «olórí ẹbí ti fọwọ́ sí i», «ìwé ti jáde». Ìgbésẹ̀ wà láàárín àwọn ihò. Ìgbésẹ̀ kan kò lè ṣẹlẹ̀ àfi bí ọmọ bá wà nínú gbogbo ihò tó ṣáájú rẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, á mú ọmọ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú wọn, á sì fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tó tẹ̀ lé e. (Kì í ṣe ayò gidi o: ọmọ lè pọ̀ sí i, ó sì lè dín, ẹnikẹ́ni kì í sì í jẹ.)

Kọ̀ǹpútà á wá tọ gbogbo ọ̀nà tí àwọn ọmọ lè gbà rìn. Bí kò bá sí ìgbésẹ̀ tó lè ṣẹlẹ̀ mọ́, tí «ìwé ti jáde» sì ṣófo, ibẹ̀ ni òfin ti di ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ mú ọ̀kan kúrò nínú ohun tí awọnlẹ̀ ń dúró dè, kí ẹ tún un ta, ẹ ó rí i pé ọmọ á rìn dé òpin.

Ọ̀nà mìíràn ni kíkọ ọ̀rọ̀ òfin fúnra rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Lọ́dún 1986, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Marek Sergot, Robert Kowalski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù gbé iṣẹ́ kan jáde, níbi tí wọ́n ti fi èdè kọ̀ǹpútà Prolog kọ òfin ọdún 1981 lórí ọmọ ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. «Bí» kì í yọ ẹ̀rọ lẹ́nu. «Àfi» ló le. Faransé ni wọ́n fi ń kọ òfin tí ilé aṣòfin Benin ní Àjàṣẹ́ ń ṣe, ọ̀rọ̀ kékeré náà «sauf» (ìyẹn «àfi») sì lè sọ gbogbo gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ dòfo. Ìdí nìyí tí àwọn ará Faransé fi ṣe èdè kọ̀ǹpútà Catala: òfin àpapọ̀ á dúró, àyàfi á sì borí rẹ̀ níbi tó yẹ, bí amòfin ṣe ń kà á gan-an.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì yẹn tún ní ibi tó ti sọ pé mínísítà lè sọ ènìyàn di ọmọ ìlú bó bá tọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ìlànà tó lè bá a pinnu ìyẹn. Lórí àwòrán, ihò kan ṣoṣo ló máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀, ọmọ ayò á sì jókòó títí ènìyàn á fi wá gbé e.