Orí Bẹ́ńṣì Ni Lámèyítọ́ Géèmù Ti Ṣẹ̀ Wá

Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tí a máa ń lọ ní Òkè-Fìà ní Ọ̀ṣogbo nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bẹ́ńṣì onípákó kan wà lẹ́yìn àwọn méjì tó bá di pádì, ohun tí wọ́n fi ń darí géèmù, mú. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì náà ń retí kó kàn wọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kì í sinmi. "Ọta yẹn bà á! Mo fojú ara mi rí i, kò kú!" "Bọ̀dá, ẹ wò ó, wọn ò fún un láyè kó yíjú kí wọ́n tó tún yìnbọn lù ú." "Káséètì àná dùn ju èyí lọ, èyí kàn ń sáré lásán ni." Bọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù á jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó sanwó gbádùn owó rẹ̀. Wọn kì í dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń lò fún iṣẹ́ ẹni tó wo ewì tàbí eré oníṣe wínníwínní, tó sọ ibi tó ti dáa àti ibi tó kù sí: lámèyítọ́. Ẹ tú u wò, ẹ ó rí i: kí á là á, kí á mọ èyí tó tọ́. Ohun tí àwọn ará bẹ́ńṣì yẹn ń ṣe gan-an nìyẹn. Mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé àwọn oníwèé ìròyìn òyìnbó ló dá lámèyítọ́ géèmù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n bá a lẹ́nu àwọn tó ń gbá géèmù, àti lẹ́nu àwọn tó jókòó tì wọ́n, ni wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò sì yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Nídìí ọpọ́n ayò, àwọn òǹwòran ló ń pariwo ju àwọn méjì tó ń ta á lọ. Wọ́n ń ki ọ̀ta, wọ́n ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń nawọ́ sí ojú ọpọ́n tí ì bá ti jẹ ẹ́. Ta ló ń lé wọn?

Ọdún 1962 ni èmi máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Lọ́dún yẹn ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ọmọ Jámánì, ṣí Mbárí Mbáyọ̀, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré oníṣe, síhìn-ín ní Ọ̀ṣogbo. Ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú gbọ́ ọ ní èdè tiwọn: bí mo bá rí i, n bá yọ̀. Lọ́dún 1962 yẹn kan náà, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, Steve Russell àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ parí Spacewar! lórí kọ̀ǹpútà PDP-1, ẹ̀rọ tó tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ. Ọkọ̀ òfuurufú méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń yìnbọn lu ara wọn. Géèmù oníbọn ni, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ayé.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ méjèèjì, wọ́n kàn fọ́n wọn ká síbẹ̀ ni, láìsí ètò. Peter Samson wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá, nítorí ojú ọ̀run kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó kọ ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó gbé ìràwọ̀ tòótọ́ sójú ẹ̀rọ, kálukú ní àyè rẹ̀, èyí tó mọ́lẹ̀ jù mọ́lẹ̀ jù. Dan Edwards ní tirẹ̀ rí i pé bí nǹkan ṣe wà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù ló máa ń borí. Ó bá fi agbára tí oòrùn fi ń fa nǹkan mọ́ra sí àárín pápá ìjà náà, débi pé ẹni tí kò bá ronú, oòrùn á gbé ọkọ̀ rẹ̀ mì. Àwọn méjì yìí ni lámèyítọ́ géèmù oníbọn tó pẹ́ jù lọ tí mo mọ̀. Kò sí àròkọ, kò sí máàkì. Wọ́n rí ohun tó kù, wọ́n sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Mi ò mọ lámèyítọ́ tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ títí dòní.

Nígbà tí géèmù di ọjà, ẹni tó ń gbá a kò lè fọwọ́ kan inú rẹ̀ mọ́. Iléeṣẹ́ Atari gbé géèmù Pong jáde ní 1972, Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders ní Japan ní 1978, owó ẹyọ sì ń rọ̀ sínú ẹ̀rọ bí òjò. Ẹnu nìkan ló wá kù fún ẹni tó lẹ́jọ́ rò. Ní 1979, Bill Kunkel àti Arnie Katz bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa géèmù nínú ìwé ìròyìn Video, nígbà tó sì di 1981, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Joyce Worley dá Electronic Games sílẹ̀, ìwé ìròyìn tó jẹ́ ti géèmù nìkan. Ọdún yẹn kan náà ni Computer Gaming World bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí Computer and Video Games sì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ọba.

Ọ̀rọ̀ géèmù onítàn gba sùúrù díẹ̀. Èyí ni irú èyí tí èèyàn ti ń di ẹlòmíràn: o lè jẹ́ jagunjagun, o lè jẹ́ oníṣègùn, o ó máa rìnrìn àjò, o ó máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, agbára rẹ á sì máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Orí tábìlì ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ọmọ ayò olójú púpọ̀ tí wọ́n ń dà sílẹ̀, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Illinois ti gbé irú rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà. Dídá irú géèmù báyìí lẹ́jọ́ ṣòro, nítorí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan rìn ín. Nínú Computer Gaming World, obìnrin kan tó ń fi orúkọ Scorpia kọ̀wé ló sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà ló ṣe èyí tó wú mi lórí jù. Lẹ́yìn tí Ultima III, géèmù onítàn kan, jáde ní 1983, Richard Garriott tó ṣe é ń rí lẹ́tà gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbá a. Wọ́n ń ròyìn fún un bí wọ́n ṣe jí ẹrù àwọn ará ìlú inú géèmù náà, bí wọ́n ṣe pa wọ́n kí wọ́n lè tètè jagun mólú. Àwọn òbí náà kọ̀wé, wọ́n bínú sí i. Ó ka gbogbo rẹ̀, ó gbà á bí ẹni gba ìmọ̀ràn. Ní 1985 ó gbé Ultima IV jáde, géèmù tí kò ní ọ̀tá ńlá kankan tí èèyàn máa pa níparí. Ìwà rere mẹ́jọ ni ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ ní, òtítọ́ àti àánú wà lára wọn. Ó fi àwọn afọ́jú tó ń ta ewé àti egbò sínú ọjà. Wọ́n á sọ iye fún ọ, ìwọ fúnra rẹ lo máa ka owó lé wọn lọ́wọ́. Bí o bá rẹ́ wọn jẹ, wọn ò ní mọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní mú ọ. Géèmù náà ń kà á sí ọ lọ́rùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn ìyá tó ń ta àgúnmu ní Ọjà Ọba ló wá sí mi lọ́kàn.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ máàkì. Famitsu, ìwé ìròyìn Japan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ló sọ ọ́ di àṣà pé kí èèyàn mẹ́rin fún géèmù kan ní máàkì, mẹ́wàá mẹ́wàá, kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40. Èmi ò fẹ́ràn máàkì, nítorí ẹni tó bá ti rí i kì í ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ ti Doom, géèmù oníbọn tí iléeṣẹ́ id Software gbé jáde ní December 1993. Gbogbo ayé ló ń pariwo rẹ̀. Ìwé ìròyìn Edge ní ìlú Ọba fún un ní 7 nínú 10 ní 1994, akọ̀wé náà sì kédàárò pé ì bá dára ká ní èèyàn lè bá àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún: ta ló ń bá iwin sọ̀rọ̀ nígbà tí ìbọn wà lọ́wọ́? Ẹ̀yìn akọ̀wé náà ni mo wà. Nígbà tí Deus Ex dé ní 2000, èèyàn ń yìnbọn, ó sì tún ń bá ọ̀tá rẹ̀ jíròrò nínú géèmù kan ṣoṣo.

Oṣù December 1993 yẹn náà ni àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà jókòó lórí ọ̀rọ̀ géèmù ìjà Mortal Kombat àti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àmì ọjọ́ orí tó wà lára páálí géèmù láti 1994 ti wá. Irú ẹjọ́ yìí ti wà láti 1976, nígbà tí èèyàn ń fi mọ́tò tẹ àwọn iwin nínú géèmù Death Race. Mi ò fojú kéré ìbẹ̀rù òbí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í dúró wò ó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ní ti Ọ̀ṣogbo, owó ló pinnu ohun tí bẹ́ńṣì wa mọ̀ ọ́n dá lẹ́jọ́. Ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó, tàbí kí wọ́n ka ìṣẹ́jú fún ọ. Géèmù oníbọn àti ti ìjà bá ètò yẹn mu. Ìgbà wo lèèyàn fẹ́ parí ìtàn olóṣù kan nínú ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí NEPA lè mú iná lọ, tí káséètì ayédèrú ò sì lè tọ́jú ibi tó dé? Ìgbà tí PlayStation dé, tòun ti káàdì kékeré tó ń tọ́jú géèmù, ni nǹkan yí padà. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ló kọ́kọ́ ní káàdì tirẹ̀. Inú ọ̀rá ló máa ń wé e sí, nínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n télọ̀. Final Fantasy VII ló ń gbá. Tí òyìnbó bá ti ń tò lójú tẹlifíṣọ̀n, á dúró, á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wa gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́yìn náà ni bẹ́ńṣì á dìde: ṣé ó yẹ kí akọni inú ìtàn náà gbẹ́kẹ̀ lé ọkùnrin yẹn? Wọ́n máa ń jiyàn rẹ̀ dé ojú ọ̀nà.

Kó tó di ìgbà yẹn, ìyá mi wá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, pàṣán wà lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Contra ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n télọ̀ yìí ni pádì wà. Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀. Màmá mi ò wo ojú wa, tẹlifíṣọ̀n ló ń wò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń sáré wá tí wọ́n ń ṣubú.

"Kí ni àwọn wọ̀nyí ṣe fún yín tí ẹ fi ń pa wọ́n báyìí?"

Bẹ́ńṣì dákẹ́. Bọ̀dá onígéèmù pàápàá ò rí nǹkan sọ. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ rọra gbé pádì sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ìwé tó máa ń wà nínú páálí rẹ̀ ló ń ṣàlàyé ẹ̀. Káséètì nìkan ni wọ́n tà fún wa."

"Ẹ lọ wá ìwé náà," ni màmá mi wí. Ó fà mí létí, a sì forí lé ilé.