Ìbéèrè àti ìdáhùn: ẹ̀yà wo ni kí n mú, kí ló sì dé tí ènìyàn lásán fi ń borí oníwo?

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa mẹ́fà kan máa ń jókòó yí tábìlì ká ní Yábàá, dáìsì olójú 20 níwájú kálukú, èmi ni mo sì máa ń darí eré. Dungeons & Dragons ni eré náà. Olùdarí á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á sọ ohun tí ẹ̀dá wọn fẹ́ ṣe, dáìsì á wá sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kálukú gbọ́dọ̀ mú ẹ̀yà kan, ìyẹn irú ẹ̀dá tó fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn, ibẹ̀ gan-an sì ni ariwo ti máa ń sọ. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ yìí. Ìwé òfin eré náà ti ọdún 2014 la ń lò, torí òun ló wà lọ́wọ́ wa. Níbi tí ti 2024 bá ti yàtọ̀ gan-an, màá sọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Èwo ló lágbára jù?

Nọ́ńbà lẹ máa ń wò, àbí? Half-orc (ọmọ ènìyàn àti orc, ẹ̀dá abàmì alágbára) gba 2 sórí agbára ara, ó tún gba 1 sórí ara líle, ẹ ti ní ó parí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí ìyá olónjẹ ṣe ń ṣírò èrè. 2 yẹn, 1 péré ló ń fi kún iye tí dáìsì bá mú. Ojú dáìsì sì jẹ́ 20. Tí ẹ bá jù ú nígbà 20, bí ẹ̀ẹ̀kan péré ni 2 tí ẹ ń pariwo rẹ̀ máa gbà yín.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára half-orc kò sí lára nọ́ńbà. Tí wọ́n bá nà án títí ẹ̀mí rẹ̀ fi yẹ kó di òdo, kì í ṣubú. Ẹ̀mí 1 á ṣẹ́kù, àfi tí ìyà náà bá pọ̀ débi pé ó pa á lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti lò ó, ó dìgbà tó bá sùn dáadáa kó tó tún rí i lò. Àbúrò mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà ló ń ṣe half-orc nínú ẹgbẹ́ wa. Lọ́jọ́ kan ejò ńlá kan bù ú jẹ, a ti ń kí i pé ó dìgbóṣe, ẹnì kan tiẹ̀ ti ń pín ẹrù rẹ̀. Ó rọra gbé dáìsì, ó ní, “Ẹ dá àáké mi padà.”

Dwarf àti elf ń ríran lókùnkùn. Kí la tún ń wá?

Ọ̀rọ̀ òkùnkùn yìí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Òótọ́ ni, dwarf (aràrá alágbára) àti elf (ó jọ ènìyàn, àmọ́ etí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó) ń ríran dé ẹsẹ̀ bàtà 60, gnome (ẹ̀dá kékeré), half-elf (ọmọ ènìyàn àti elf), half-orc àti tiefling (oníwo) náà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òkùnkùn biribiri kì í di ọ̀sán fún wọn. Bí ìrọ̀lẹ́ ló ń rí lójú wọn, wọn kò mọ àwọ̀ pupa yàtọ̀ sí dúdú nínú rẹ̀, gbogbo ẹ̀ á kàn rí bí eérú. Ẹni tó bá ń wá okùn pàkúté nínú irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, dáìsì méjì ló máa jù, èyí tó kéré la ó sì kà fún un.

Ìṣòro kejì wà nínú ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ká ní elf mẹ́rin àti ènìyàn kan jọ wọ inú ihò. Ènìyàn yẹn kò rí nǹkan kan, ó tan ògùṣọ̀. Kíá, gbogbo ohun tó ń gbé inú ihò ti rí ẹ̀yin márààrún. Ẹnì kan péré ti sọ ojú ẹni mẹ́rin di asán. (Wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ kan ní àárín eré, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dún. Ẹni tó ń ṣe elf ní tòun kò sí níbẹ̀, òun ń ríran. Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tó fi fẹsẹ̀ gbá àga.)

Lójú tèmi, ara dwarf ló yẹ kí ẹ máa wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ìdajì májèlé ló ń ràn án, ìhámọ́ra irin tó wúwo kì í sì í dín ìrìn rẹ̀ kù. Ìrìn náà ló kúkú kéré láti ilẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 25, níbi tí ènìyàn ti ń rin 30. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àfi lọ́jọ́ tí nǹkan bá ń lé yín. Tí gbogbo yín bá ń sáré, ẹsẹ̀ bàtà 10 ni dwarf fi ń gbẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá 6 kọ̀ọ̀kan. Ìwé 2024 ti sọ ọ́ di 30.

Halfling ńkọ́? Ó kéré jù.

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ìdajì ènìyàn ló ga, kò sì lè fi idà ńlá jà dáadáa, ọrun gígùn náà kò yẹ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ojúẹlẹ́gba, bó ṣe ń gba àárín dáńfó kọjá. Bí halfling ṣe ń gba àárín àwọn ọ̀tá tó tóbi jù ú lọ nìyẹn. Tó bá sì ju 1 nígbà tó ń jà, tàbí tó ń gbìyànjú nǹkan, tàbí tó ń yẹ ewu, á tún un jù. Ẹni tó bá ju dáìsì nígbà 40 lálẹ́ kan, kó retí 1 bí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì tí ojú máa ti àwọn yòókù nìyẹn.

Dragonborn, tó ń tu iná lẹ́nu?

Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú un. Ó ń dùn wọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rí i pé wọ́n gbọ́dọ̀ sinmi kí wọ́n tó tún tu ú, pé ìgbà tí wọ́n bá ń tu ú wọn kò lè fi idà ṣá ẹnikẹ́ni, àti pé wọn kì í ríran lókùnkùn pẹ̀lú gbogbo ẹnu wọn. Ìwé 2024 tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Ó ti yẹ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Kí ló wá dé tí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ fi ń mú ènìyàn lásán?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn nìyí. Ènìyàn kò níwo, kò nírù, kò tu iná. Ohun tí ìwé fún un ni 1 sórí nǹkan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: agbára, ìyára, ara líle, ọpọlọ, ọgbọ́n, ìwúnilórí. Mẹ́fà! Ó dà bíi pé ó ju ti gbogbo ẹ̀yà lọ. Ẹ wá gbé e lé orí nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀: 15, 14, 13, 12, 10, 8. Wọ́n á di 16, 15, 14, 13, 11, 9. Ìgbà tí nọ́ńbà bá bọ́ sórí èyí tó ṣeé pín sí méjì nìkan ni dáìsì ń jèrè, nítorí náà 15 tó di 16 jèrè, 13 tó di 14 jèrè. Mẹ́rin yòókù kàn wà lórí ìwé ni.

Ìwé kan náà ní irú ènìyàn mìíràn, tí olùdarí bá gbà á láyè. 1 sórí méjì péré ni tiẹ̀. Ó máa gbé e lé 15 àti 13, èrè rẹ̀ lórí dáìsì á bá ti ẹni àkọ́kọ́ dọ́gba géérégé. Wọ́n á tún fún un ní ìmọ̀ iṣẹ́ kan àti ẹ̀bùn àkànṣe kan tó bá wù ú. Àwọn ẹ̀yà yòókù ní láti dé ipele 4 kí wọ́n tó lè fẹnu ba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ní tábìlì tiwa, ó gbà wá lóṣù mẹ́rin kí a tó débẹ̀.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀?

Rárá o. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde lọ́dún 1974, wọ́n fi òrùlé bo àwọn tí kì í ṣe ènìyàn. Jagunjagun nìkan ni dwarf lè ṣe, kò sì lè kọjá ipele 6. Ti halfling dúró ní 4. Ènìyàn kò gba ẹ̀bùn kankan, àmọ́ kò sí òrùlé lórí rẹ̀. Ìyà pọ̀ níbẹ̀: eré á ti ń lọ, ẹni tó ń ṣe dwarf á kàn dúró sójú kan. Ọdún 2000 ni wọ́n ká òrùlé náà kúrò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n máa fún ènìyàn. Ní 2024, ibi tí ẹ̀dá rẹ ti wá àti iṣẹ́ tó ti ṣe rí ló ń fún un ní nọ́ńbà báyìí, kì í ṣe ẹ̀yà mọ́.

Èwo wá ni kí n mú wá ní Sátidé tó ń bọ̀?

Ìtàn tí à ń ṣe lọ́wọ́ wà nínú ọjà àti ààfin, ọ̀sán gangan ni, nítorí náà ojú òkùnkùn kò ní ṣe ọ́ láǹfààní púpọ̀. Mú halfling tó mọ ọwọ́ yí. Tó bá jẹ́ dwarf ló wù ọ́, mú un, ṣùgbọ́n ra ògùṣọ̀ dání. Ènìyàn méjì wà nínú ẹgbẹ́.