Bí Wọ́n Ṣe Sọ Igbó Lẹ́kì Di Ilé-Ẹ̀kọ́

Oníṣòwò ńlá ni Olóyè Shafi Lawal Edu, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nípa ẹranko tàbí igi. Síbẹ̀ òun ló dá Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, sílẹ̀ ní 1980, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ka igbó sí ohun tí katakata kàn máa wó dànù. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí Edu, ní 1911. Ẹni tó bá dàgbà létí ọ̀sà, tó mọ ibi tí ẹja inú ìkòkò ti ń wá, kò ní ka irà sí ilẹ̀ àpatì. Èrò tèmi nìyẹn.

Nígbà tí àjọ náà ń wá ibi tí wọ́n lè fi kọ́ aráàlú, àtọmọdé àtàgbà, Lẹ́kì ni wọ́n dé sí. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ epo Chevron, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, ló gbówó kalẹ̀, Lekki Conservation Centre sì bẹ̀rẹ̀ ní 1990. (Ní oṣù keje ọdún yẹn náà ni ìjọba ológun wó Màrókò, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù l'Ékòó tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀bọ rí ààbò, ọ̀pọ̀ èèyàn sùn síta.)

Pákó ni wọ́n tẹ́ la irà kọjá, kí ọmọ ilé-ìwé lè rin àárín igbó láìfẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀. Afinimọ̀nà á máa tọ́ka: ọ̀bọ rèé lórí ẹ̀ka, awọ́nríwọ́n rèé, ẹ rọra o, ọ̀nì wà nínú omi yẹn. Ọmọ Èkó tó jẹ́ pé inú ọbẹ̀ nìkan ló ti ń gbúròó ìgalà á wá mọ̀ pé ó ní ibùgbé. Kí ẹ̀kọ́ náà má baà parí sẹ́nu géètì, àjọ náà dá ẹgbẹ́ olùtọ́jú àyíká sílẹ̀ láwọn ilé-ìwé. Àwọn òbí náà ò gbẹ́yìn: ibi ìgbafẹ́ wà fún tẹbítará, pẹ̀lú ludo ràgàjì tí wọ́n yà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Edu kú ní 2002. Ní 2015 ni wọ́n ṣí afárá orí igi, mítà 401, tí gbogbo èèyàn wá ń dù láti ya fọ́tò lórí rẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Igbó tó bá máa dúró láàárín ilẹ̀ olówó gọbọi gbọ́dọ̀ máa pawó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú ọmọ lọ, ẹ kọ́kọ́ bá a rin orí pákó ná. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀nì wà.