Ìtọ́jú argyria pẹ̀lú lésà

Argyria ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn tí ara fi ń yí àwọ̀ padà nítorí fàdákà tó kó jọ sínú rẹ̀. Awọ ara máa ń di àwọ̀ eérú tó fara jọ aró, pàápàá níbi tí oòrùn ti ń pa á: ojú, ọrùn, ọwọ́ àti èékánná. Lóde òní, omi fàdákà tí wọ́n ń pè ní colloidal silver, tí àwọn kan ń mu fún ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún, wà lára ohun tó sábà máa ń fà á. Ní 1999, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rí pé kò léwu tàbí pé ó ń wo àrùn kankan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ

Fàdákà máa ń balẹ̀ sí abẹ́ awọ, ó sì máa ń pọ̀ jù yí ká àwọn ẹṣẹ́ tí òógùn ń gbà jáde. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń sọ ọ́ di dúdú, bó ṣe ń ṣe fíìmù fọ́tò. Ìpara hydroquinone, tí ń mú kí awọ mọ́ sí i, àti oògùn tí ń fa irin kúrò nínú ara kì í sábà ràn án.

Lésà

Lésà ni ẹ̀rọ tó ń tan ìtànṣán alágbára sójú kan. Èyí tí ìròyìn àwọn oníṣègùn lórí rẹ̀ pọ̀ jù ni irú kan tí wọ́n ń pè ní Q-switched Nd:YAG, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn tó 1,064 nm (nm kan jẹ́ ìdá bílíọ̀nù kan mítà kan). Kò ju ìdá bílíọ̀nù mélòó kan nínú ìṣẹ́jú àáyá kan lọ tí ìtànṣán rẹ̀ fi ń tàn lẹ́ẹ̀kan. Èérún fàdákà á gba agbára náà lójijì, á fọ́ wẹ́wẹ́, kí ooru tó ráyè tàn dé ẹran ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbì 1,064 nm ń wọlé jìn, mélánì, ohun tó ń fún awọ ní àwọ̀ dúdú, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á mọ́ra. Nítorí náà ó dára fún awọ dúdú ju ìgbì 532 nm lọ. Àwọn lésà picosecond, tí ìtànṣán wọn tún kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí alexandrite oní 755 nm, náà ti wà nínú ìròyìn.

Nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn, ibi tí lésà bá kàn máa ń mọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré, èyí tó yani lẹ́nu fún àwọ̀ tí wọ́n ti kà sí àwọ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n aláìsàn kan tàbí díẹ̀ ni ìròyìn kọ̀ọ̀kan sábà máa ń dá lé. Ìrora rẹ̀ le gan-an: ìpara akunnilára lè má tó, ó sì lè gba abẹ́rẹ́ tàbí oorun iṣẹ́ abẹ. Ara lè wú, ó lè ní èépá, àwọ̀ ibẹ̀ sì lè dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré. Lésà kì í kan fàdákà tó wà nínú ẹ̀yà ara inú lọ́hùn-ún.

Ó ṣe pàtàkì kí oníṣègùn béèrè bóyá aláìsàn ti gba abẹ́rẹ́ wúrà rí fún àrùn oríkèé, torí lésà Q-switched lè mú kí awọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúdú lójú ẹsẹ̀.