Orí ère tó tóbi: ṣé àwọn agbẹ́gilére àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n gbẹ́ ni?

Bí ère ìbejì, ère Ṣàngó tàbí opó ààfin bá wà níwájú àwọn èèyàn kan, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé orí rẹ̀ ti tóbi jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kúrú jù. Wọ́n á ní àwọn tó gbẹ́ ẹ ò rí ẹni kọ́ wọn bí ara èèyàn ṣe rí, ibi tí òye wọn mọ nìyẹn. Àwọn mìíràn á wá fi orí idẹ Ifẹ̀ ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: àwọn ará Ifẹ̀ ìgbà láéláé mọ̀ ọ́n ṣe, tiwọn dà bí èèyàn gidi, lẹ́yìn wọn ni iṣẹ́ ọ̀hún bà jẹ́. Ìgbàgbọ́ òdì méjì ló so pọ̀ níbẹ̀. Èkejì burú ju èkíní lọ, nítorí àwọn tó kàwé dáadáa náà máa ń gbà á gbọ́.

Ká kọ́kọ́ wọn nǹkan ná. Bí àgbàlagbà bá dúró ṣánṣán, gíga orí rẹ̀, láti àgbọ̀n dé àtàrí, máa ń wọ inú gíga gbogbo ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà méje sí méje àbọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ère Yorùbá, ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin péré ló ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí fọ́tò ní láti ṣọ́ra fún ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni irun: irun ère ìbejì lè ga tó ojú rẹ̀, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ka irun mọ́ ọn nígbà kan, kí ẹ yọ ọ́ nígbà kejì. Èkejì ni ibi tí ayàwòrán dúró sí. Fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà láti òkè, tí fóònù sún mọ́ orí ère, á jẹ́ kí orí wú, kí ẹsẹ̀ sì fún. Èyí tí wọ́n yà láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, ní ọ̀gangan ìdodo ère, ló ṣeé wọ̀n.

Ohun tí ẹ ó rí bí ẹ bá wọn bíi mélòó kan ni pé ìwọ̀n yẹn kì í sábà yẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n, orí tó gbẹ́ lónìí á tóbi, tọ̀la á kéré, tọ̀túnla á wọ́. Ti àwọn agbẹ́gilére wa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Ọ̀yọ́ dé Èkìtì, láti Ìgbómìnà dé Ẹ̀gbá, ojú dá yàtọ̀, ilà yàtọ̀, irun yàtọ̀, síbẹ̀ orí ṣì ń gba ìdá mẹ́ta tàbí ìdá mẹ́rin igi.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ gan-an fi hàn pé kì í ṣe èèṣì. Ìpele mẹ́rin làwọn agbẹ́gilére máa ń dárúkọ: ọnà lílé, alétúnlé, dídán àti fínfín. Nígbà ọnà lílé, àáké àti irin tí wọ́n dábùú rẹ̀ sára èèkù bíi ti ọkọ́ ni wọ́n fi ń já igi sí wẹ́wẹ́: orí nìyí, àyà dé ìdí nìyí, ẹsẹ̀ nìyí. Kò tíì sí ojú, kò sí etí, kò sí ìka. Ní alétúnlé ni wọ́n ń fọ́ àwọn ìdì ńláńlá yẹn sí kéékèèké, tí imú, ọwọ́ àti ọmú ń yọ jáde. Dídán ni ìgbà tí ọ̀bẹ ń pa ojú àpá irin rẹ́. Fínfín ló kẹ́yìn, ìyẹn ilà ojú, irun, ìpéǹpéjú àti ọnà ara aṣọ. Ìpele àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n orí ti ń wọlé, kí ohunkóhun tó lè ṣini lójú tó dé. Bí ẹnì kan bá já orí kéré jù níbẹ̀, kò sí ohun tó lè ṣe sí i mọ́, igi kì í hù padà. Ibẹ̀ ni ọ̀gá sì ti máa ń ṣọ́ ọmọ iṣẹ́ jù.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Ifẹ̀. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, wọ́n hú àwọn orí onídẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti èèyàn jáde. Àwọn wọ̀nyí ni gbogbo ayé mọ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè, ìpéǹpéjú, gbogbo rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n orí nìkan ni wọ́n. Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún bá àwọn idẹ mìíràn pàdé ní Ìta Yemòó, odindi ère Ọọ̀ni tó dúró sì wà lára wọn, tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 47 sẹ̀ǹtímítà. Ojú rẹ̀ jọ èèyàn dáadáa. Ẹ fi rúlà sí i: orí rẹ̀ gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin gíga ara. Àwọn asúdẹ tí à ń pè ní ọ̀gá nínú fífi nǹkan jọ èèyàn ni wọ́n ṣe é o. Nígbà tó di odindi ara, àwọn náà sọ orí di ńlá.

Ẹ̀rí tó tún lágbára jù ú lọ wà lára ìkòkò kan. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Peter Garlake ń wa ilẹ̀ Ọbalárà ní Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó rí ìkòkò ìbọ kan tí wọ́n fi amọ̀ ṣe àwòrán yọ sára rẹ̀. Ojúbọ kan wà lára àwòrán náà, orí mẹ́ta ló sì tò sínú rẹ̀. Ti àárín dà bí èèyàn. Àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí ṣóńṣó, ojú àti ẹnu wọn kò ju àmì lásán lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí àwọn orí amọ̀ gidi, onírú èèyàn àti oníṣóńṣó, pa pọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn kan mọ̀ ọ́n ṣe, tí àwọn ọmọ ọmọ wọn wá gbàgbé. Ìgbà kan náà, ìlú kan náà, ojúbọ kan náà: ọ̀nà méjì láti ṣe orí, wọ́n sì mọ èyí tí wọ́n fẹ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ.

Ibo wá ni èrò pé ohun tó jọ èèyàn ló ga jù ti wá? Láti ilẹ̀ Yúróòpù ni. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, wọ́n ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà bíi pé àkàbà kan ni: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ nǹkan wà nísàlẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ jọ ọ́ wà lókè. Èrò yìí ni Leo Frobenius, ará Jámánì, gbé wá sí Ifẹ̀ ní 1910. Nígbà tó rí iṣẹ́ Ifẹ̀, kò jiyàn pé ó dára. Ohun tó kọ̀ ni pé àwọn baba àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ló ṣe é, ó sì lọ gbé e fún àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Lójú tiẹ̀, ó rọrùn láti gba ìlú tí kò sí gbọ́ ju pé aládùúgbò ilé Ọọ̀ni lè sú idẹ lọ.

Èrò yìí kan náà ni ayàwòrán Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, bá jà. Wọ́n ń sọ pé ọmọ adúláwọ̀ ò lè ya èèyàn kó jọ ọ́. Ó ya wọ́n, wọ́n jọ, ó tún lọ kọ́ ọ sí i ní London ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 kó tó padà wá ṣètò ẹ̀kọ́ yíyàwòrán sí àwọn ilé ìwé Èkó. Ó borí nínú ìjà náà. Ṣùgbọ́n àbájáde kan tí kò jọ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀ ni pé ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í fi òṣùwọ̀n ìjọra wo ère ilé bàbá rẹ̀. Ní àsìkò kan náà, àwọn ayàwòrán bíi Picasso ní Paris, tó ti wo àwọn ère Áfíríkà ní mùsíọ́mù Trocadéro ní 1907, ń sá kúrò lọ́dọ̀ ìjọra yẹn.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì pé agbẹ́gilére lè gbẹ́ igi kó jọ ẹnì kan, ẹ lọ wo àkó Ọ̀wọ̀. Bí èèyàn pàtàkì bá kú, wọ́n lè gbẹ́ ère tó tó èèyàn, kí ojú rẹ̀ jọ ti olóògbé, kí wọ́n wọ aṣọ olóògbé fún un, kí wọ́n sì gbé e kiri ìlú nígbà ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ tí ère náà fẹ́ ṣe ni pé kí ará ìlú rí i kí wọ́n sì mọ ẹni tó jẹ́, nítorí náà ìjọra pọn dandan. Ère Ṣàngó kò ní irú iṣẹ́ yẹn. Kò sí ẹni tí a fẹ́ dá mọ̀ lójú rẹ̀.

Èyí gbé ìyàtọ̀ kan jáde tí ọ̀pọ̀ ń fò dá: kí ère jọ èèyàn yàtọ̀ sí kí ó jọ ẹnì kan. Nígbà tí Robert Farris Thompson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Yale, ń lọ láti ìlú dé ìlú ní àwọn ọdún 1960, tó ń bi àwọn èèyàn léèrè ohun tó mú kí ère kan dára ju èkejì lọ, jíjọra wà lára ohun tí wọ́n ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Kí ère má jọ ẹnì kan jù, kó má sì jìnnà sí èèyàn jù. Wọ́n dárúkọ dídán, wọ́n dárúkọ gígún, wọ́n dárúkọ kí nǹkan fara hàn kedere, wọ́n sì fẹ́ kí ère wà ní ọ̀dọ́. Ìdí nìyẹn tí ère ìbejì, tó dúró fún ọmọ tó kú ní kékeré, fi máa ń ní ọmú tàbí irùngbọ̀n. Ọmọ ọwọ́ kọ́ ni wọ́n gbẹ́. Ẹni tó ti dàgbà dé ibi tí ara ti pé jù ni wọ́n gbẹ́.

Kí ló wá dé tí orí fi tóbi? Ìdáhùn tí gbogbo ayé ti há sórí ni orí inú: orí ni olúwa ẹni, òun là ń bọ, nítorí náà òun ló yẹ kó tóbi. Òótọ́ ni, kò sì sí agbẹ́gilére tó máa sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn ẹ̀yà púpọ̀ káàkiri ìwọ̀ oòrùn àti àárín Áfíríkà tí wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbọrí náà ń gbẹ́ orí ńlá. Ìdí mìíràn wà tí kò gba ìwé, ìṣirò lásán ni. Ẹ mú ère ìbejì tó ga ní 25 sẹ̀ǹtímítà. Bí a bá gbẹ́ ẹ bí ara èèyàn ṣe rí gan-an, orí rẹ̀ kò ní ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ẹ yọ irun kúrò, ojú tó ṣẹ́kù kò ju àtàǹpàkò lọ. Níbo lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ fín àbàjà mẹ́fà sí, tí igi kò ní ya? Bí orí bá gba ìdá mẹ́ta, ó di bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ: ojú, ilà àti irun á ríbi jókòó, ìyá ọmọ á sì rí ojú tó lè wẹ̀, tó lè fi oúnjẹ kàn lẹ́nu. Opó ààfin tí wọ́n ń wò láti àgbàlá náà nílò kí ojú rẹ̀ hàn láti òkèèrè.

Igi fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Odindi ìtì kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère, iṣan igi sì ń lọ láti ìsàlẹ̀ sókè. Apá tó bá nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dábùú iṣan yẹn, bí ère bá ṣubú báyìí, ó ti kán. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi máa ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí kó tún padà kan itan, tí ẹsẹ̀ fi nípọn, tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè dúró. Àwọn kan ń pe èyí ní aìlèyí ara padà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbẹ́ igi rí.

Bí a bá ti gbà pé ìwọ̀n jẹ́ ohun tí agbẹ́gilére ń yàn, ẹ má tún sáré sọ pé ẹni tó tóbi jù nínú ère ló jẹ́ ọ̀gá. Òfin yẹn ṣiṣẹ́ lára jagunjagun orí ẹṣin, níbi tí ẹṣin ti kéré bí ewúrẹ́ lábẹ́ ẹni tó gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo opó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914, tó wà ní mùsíọ́mù Art Institute ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, kò kan ilẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ dáadáa, ó sì di àga mú. Ó hàn gbangba pé ọba ni ọba, adé àti ẹyẹ orí adé ti sọ bẹ́ẹ̀. Títóbi olorì ń sọ ohun mìíràn: ẹni tí ìtẹ́ náà dúró lé lọ́wọ́. Nínú ère kan ṣoṣo, adé ń sọ ipò, ìwọ̀n ń sọ agbára.

Ó ku ohun kan tí wọ́n tún máa ń kà sí àìmọ̀ọ́ṣe, ìyẹn ojú ère ìbejì tó ti pa rẹ́, tí imú ti tẹ́, tí ojú ò sì hàn mọ́. Agbẹ́gilére kọ́ ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wíwẹ̀, fífi osùn pa lára àti fífi oúnjẹ kàn lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún ló jẹ ẹ́. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé àwọn ibi tó yọ síta ló máa ń jẹ: ṣóńṣó imú, ètè, iwájú orí, ọmú. Àwọn ibi tó kólòkòlò, ìyẹn ẹ̀yìn etí, àlàfo irun àti abẹ́ apá, ojú ọ̀bẹ á ṣì mú níbẹ̀, ẹ ó sì lè rí búlúù tàbí osùn tó gbẹ sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbẹ́ lánàá, tí wọ́n fi yanrìn àti èéfín sọ di àgbà fún àwọn oníbàárà, kì í mọ ìyàtọ̀ yìí. Ara rẹ̀ á jẹ káàkiri bákan náà, ẹ̀yìn etí á fá bí imú ṣe fá, dúdú èéfín á sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tó yẹ kí ilẹ̀ ti ha á.