Àrokò 1915: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Taner Akçam àti ìpakúpa àwọn ará Àméníà

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Àméníà?

Ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn tó ń ṣèjọba ilẹ̀ Ottoman, tó di Tọ́kì lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn Àméníà kúrò nílé wọn. Kristẹni ni wọ́n, ilẹ̀ náà sì ti jẹ́ ilé wọn látayébáyé. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, wọ́n kó àwọn òǹkọ̀wé, oníròyìn àti àwọn àgbà wọn ní Istanbul. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn ìlú àti abúlé. Wọ́n á ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n á pa wọ́n lẹ́yìn odi, wọ́n á sì da obìnrin, arúgbó àti ọmọdé sọ́nà aginjù Síríà, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn. Iye tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń pe òkú wọn bẹ̀rẹ̀ láti 600,000 títí dé 1,500,000. Àwọn Ásíríà àti Gíríìkì tó wà níbẹ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa.

Tó bá hàn gbangba báyìí, kí ni wọ́n ń jiyàn lé lórí?

Bóyá ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìjọba Tọ́kì kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò kú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ogun ló dé, pé wọ́n kàn ní kí àwọn èèyàn náà kúrò níbi tí ogun wà ni, pé kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀, nínú àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1948, ohun tó ń sọ ìpakúpa di ìpẹ̀yàrun ni pé kí ẹni tó ń pani ní in lọ́kàn láti pa ẹ̀yà náà rẹ́. Ẹni tó ní in lọ́kàn ti kú. Àfi kéèyàn wá ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ta wá ni Taner Akçam?

Ọmọ Tọ́kì ni, 1953 ni wọ́n bí i. Ní 1976 wọ́n mú un nítorí ohun tí ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ olóòtú rẹ̀ gbé jáde. Lọ́dún kejì, ó yọ ẹsẹ̀ sítóòfù onírin kan, ó fi gbẹ́ ihò, ó sì bọ́ kúrò lẹ́wọ̀n Ankara. Ó sá lọ sí Jámánì, ibẹ̀ ló ti di onímọ̀ ìtàn kó tó lọ máa kọ́ni ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan nílùú rẹ̀ ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ka ìwé àwọn aláṣẹ ìlú rẹ̀, ó sọ ohun tó bá níbẹ̀. Ní 2011, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dá a láre lórí abala 301 nínú òfin Tọ́kì, èyí tí wọ́n fi ń mú ẹni tí wọ́n bá ní ó tàbùkù orílẹ̀-èdè.

Wọ́n ní ó rí wáyà kan, ìyẹn tẹligíráàmù, tó jẹ́ ẹ̀rí. Wáyà wo ni?

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1915, Bahaeddin Shakir, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, tẹ wáyà láti ìlú Erzurum sí ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba, ní ìlú Harput. Ohun tó ń béèrè kò ju pé: àwọn Àméníà tí ẹ ń kó jáde níbẹ̀, ṣé ẹ ń pa wọ́n run, àbí ẹ kàn ń kó wọn lọ lásán? Ẹ tún un kà. Ẹni tó ń kó èèyàn kúrò lójú ogun kì í béèrè irú ìyẹn.

Ilé ẹjọ́ Ottoman fúnra rẹ̀ lo wáyà yìí nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́ àwọn ọ̀daràn náà lẹ́yìn ogun, ní 1919 sí 1920. Ní 1922 tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ìwé ẹjọ́ pòórá. Àmọ́ àwọn aṣáájú Àméníà ní Istanbul ti fi àpótí 24 tí ìwé ẹjọ́ náà wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀ ó dé Faransé, ó sì padà balẹ̀ sí Jerúsálẹ́mù. Àlùfáà kan, Krikor Guerguerian, tó yè bọ́ nínú ìpakúpa náà lọ́mọdé, lọ síbẹ̀ lọ ya fọ́tò wọn. Ó kú ní 1988. Ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní New York ni Akçam ti bá fọ́tò náà, ó sì kéde rẹ̀ ní 2017.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú?

Àrokò ni wọ́n fi kọ ọ́: nọ́ńbà lórí nọ́ńbà, tí ìdì kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀rọ̀ kan, lórí bébà tí àmì ìjọba wà lókè rẹ̀. Akçam mú nọ́ńbà wọ̀nyí, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wáyà ìgbà náà tó ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Istanbul. Wọ́n bára mu. Ilé ìjọba gan-an ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ṣé nítorí ẹ̀sìn nìkan ni?

Akçam ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ilẹ̀ púpọ̀ nínú ogun Balkan ti 1912 sí 1913, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí àwọn Àméníà pọ̀ sí, ló kàn. Wọ́n wá ń ka orí. Ó rí àṣẹ pé níbikíbi tí wọ́n bá kó àwọn Àméníà lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 5 sí 10 nínú 100 àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rò ó: bí iye tó dé aginjù bá ju èyí tí àṣẹ sọ lọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyókù ṣe? Ní 1916, ìpakúpa mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ ní Deir ez-Zor, nínú aginjù Síríà.

Ṣé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ̀ ni?

Ó wà. Wọ́n pa Hüseyin Nesimi, olórí agbègbè Lice, nítorí pé ó kọ̀. Celal Bey tó jẹ́ gómìnà Aleppo náà kọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Konya, ó tún kọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́. Lẹ́yìn ogun, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun dà bí ẹni tó jókòó létí odò tí kò ní ohun tó lè fi yọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ni odò náà ń gbé lọ, àtọmọdé, àtarúgbó. Ó ní ẹni tí ọwọ́ òun tó, òun fà á jáde. Àwọn yòókù bá omi lọ.